Ọdún Tí Mọ́mì Ń Ka Kúlà

Ọlọ́run fún mi lọ́mọ, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ iye wọn fún yín. Kì í ṣe pé mo ń fi nǹkan pamọ́. Màmá Ọ̀mù-Àrán, ìyá tó bí bàbá mi, ti wà ní sàréè tipẹ́tipẹ́, ó sì dá mi lójú pé bí mo bá fi ẹnu ara mi ka ọmọ mi síbí, wọ́n á dìde wá bá mi wí. Ẹ jẹ́ kí n kàn sọ pé wọ́n tó láti da orí ẹni rú. Láàárọ̀, ẹnì kan kò rí ìbọ̀sẹ̀, ẹnì kan kò tíì wẹ̀, ẹnì kan á dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí pé tíṣà ní kí àwọn mú ìgbálẹ̀ wá. Fóònù mi á máa dún, ọ̀gá mi á máa béèrè ibi tí mo dé, èmi á sì máa purọ́ pé mo ti dé Post Office nígbà tí mo ṣì wà ní bàlùwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fẹ́ pe ọmọ mi obìnrin kan. Mo pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, mo pe ti àbúrò rẹ̀, mo pe orúkọ ajá aládùúgbò wa, kí n tó wá kan tirẹ̀. Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ̀ mí?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo mọ ọmọ kan tó ti bi ìyá rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn rí, ṣùgbọ́n kò fi ẹnu bi í. Kúlà oúnjẹ ló fi bi í, ọmọ náà sì ni èmi.

Ọdún tí mò ń sọ ni ọdún tí ìjọba gbé iṣẹ́ Dádì lọ sí Lafiagi, tí Màmá Ọ̀mù-Àrán sì kó ẹrù wá sọ́dọ̀ wa ní Fate, nílùú Ìlọrin, wọ́n ní kí ilé má baà dá. Bí ilé tí a kún bámúbámú yẹn ṣe máa dá, n kò mọ̀. Fate ìgbà yẹn kì í ṣe Fate tòní. Ilé kan nìyí, oko gbágùúdá nìyẹn, ilé kejì tún wà lọ́hùn-ún tí wọn kò tíì kàn lórùlé. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ìró mẹ́ta la máa ń gbọ́. Ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí ló máa ń ṣáájú, ìgbálẹ̀ Màmá á tẹ̀ lé e, ṣàá, ṣàá, láti ẹ̀yìnkùlé títí dé ẹnu géètì, lẹ́yìn náà ni agogo Mọ́mì á wá lu wá jí. Agogo ilé-ìwé gidi ni o. Olùkọ́ ìṣirò ni Mọ́mì ní ilé-ìwé girama kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí agogo àlòkù tí ahọ́n rẹ̀ ti já, wọ́n sì so nọ́ọ̀tì mọ́tò rọ̀ sínú rẹ̀. Bó bá dún lẹ́ẹ̀kan, ẹ dìde. Lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wẹ̀. Lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tí kò bá tíì dé ìdí ọkọ̀, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa fi rìn. Àlájà tí ògiri wa pààlà sọ pé láti ìgbà tí àwọn ti ń gbọ́ agogo wa, àwọn kò ra bátìrì sí aago ara ògiri àwọn mọ́. Màmá kò fẹ́ràn agogo náà rárá. Wọ́n á fi ìgbálẹ̀ ti ara, wọ́n á ní, "Ìyá Délé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ òun ìkánjú, ọgbọọgba ni." Mọ́mì á dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," wọ́n á sì tún lu agogo.

Ọkọ̀ wa jẹ́ ìjàpá aláwọ̀ ewé tó ti ṣá. Iwájú ni búùtù rẹ̀ wà, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà, kì í sì í ṣíná láìjẹ́ pé a tì í. Àwa ọmọ la máa ń tì í jáde ní géètì láràárọ̀ pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù tí Màmá ti lọ̀ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù eléèédú. Délé ni ẹ̀gbọ́n wa àgbà, ó máa ń pàṣẹ bí ọ̀gá ṣọ́jà. Yẹmí tẹ̀ lé e, obìnrin tó mọ gbogbo nǹkan. Èmi Ṣadé wà láàárín. Tóbi wà lẹ́yìn mi, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ bí ọ̀rọ̀ náà bá máa pa á lára. Bọ́sẹ̀ ni àbíkẹ́yìn. Sàkírà, ọmọ Àlájà, náà máa ń bá wa lọ, torí ilé-ìwé kan náà la jọ ń lọ. Ẹ ti gbọ́ orúkọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí a jẹ́, ẹ kà á fúnra yín, kí Màmá bá yín jà.

Nítorí pé ìjà ni ọ̀rọ̀ náà dá sílẹ̀. Kí Màmá tó dé, kíkà ni Mọ́mì máa ń kà wá. Tí a bá ti wọ ọkọ̀ tán, wọ́n á yíjú sẹ́yìn, wọ́n á na ìka, wọ́n á kà wá bí ẹni ń ka ẹyin sínú páálí. Wọ́n nídìí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó sọ ọmọ ara rẹ̀ nù lè sunkún, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọmọ Àlájà nù, kí ló fẹ́ sọ? Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí Màmá jí ní ilé wa, wọ́n ń gbálẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì gbọ́ "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta." Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Ìyá Délé! Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń kà wọ́n ni, Màmá, kí n mọ̀ bóyá wọ́n pé."

"Ò ń ka kí ni? Ṣé ewúrẹ́ tí o fẹ́ kó lọ tà ni? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìwọ wá na ìka sí tìrẹ! Ta ló ní kí o sọ iye wọn fún ayé?"

"Màmá, ìṣirò ni iṣẹ́ mi."

"Ó dáa. Lọ ṣe é níbi iṣẹ́."

Mọ́mì kò jẹ́ jiyàn pẹ̀lú ìyá ọkọ wọn níta gbangba. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi wakọ̀ láì kà wá, ara wọn kò sì balẹ̀, wọ́n ń yíjú wẹ̀yìn lójú ọ̀nà títí tí a fi fẹ́ kọlu ọlọ́kadà kan. Ní ọjọ́ kẹrin, ọgbọ́n dé. Olúkúlùkù wa ló ní kúlà oúnjẹ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó jẹ́ fi kúlà rẹ̀ sílẹ̀ torí ẹni tó bá sọ kúlà nù, inú ike bọ́tà ni yóò ti máa jẹun títí ọdún á fi parí. Mọ́mì wá ń dúró níwájú búùtù, a ó máa gbé kúlà sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa ka kúlà. Bí kúlà bá pé, ọmọ pé. Màmá wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà, wọ́n bi Mọ́mì pé kí ló ń kà báyìí. Mọ́mì ní, "Kúlà ni, Màmá." Màmá rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, wọ́n ní, "Kúlà kò ní orí. Máa kà á." Bí olùkọ́ ìṣirò ṣe borí nìyẹn. Kúlà mẹ́fà ni. Kúlà ni mo sọ o.

Màmá ní tiwọn kì í ka nǹkan kan. Bí a bá ti ilé-ìwé dé lọ́sàn-án, wọ́n á dúró ní ẹnu ọ̀nà, a ó máa kúnlẹ̀, a ó máa dọ̀bálẹ̀, wọ́n á sì máa kí wa pẹ̀lú oríkì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fọwọ́ pa wá lórí. Àkàndé ni Délé, Àdùnní ni Yẹmí, Àbẹ̀kẹ́ ni èmi, Àlàó ni Tóbi, Àṣàkẹ́ ni Bọ́sẹ̀. Wọ́n fún Sàkírà náà ní tirẹ̀, wọ́n ń pè é ní Àjíkẹ́, Àlájà sì gbà á pẹ̀lú ìdùnnú. Ebi á máa pa wá, a ó máa fẹsẹ̀ janlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọjá síbi ìkòkò láìgba oríkì rẹ̀. Nígbà yẹn, mo rò pé Màmá kàn fẹ́ fi àkókò wa ṣòfò ni.

Àárín tí mo wà yẹn ló fa gbogbo wàhálà. Ẹni tó bá ti wà láàárín ọmọ mọ ohun tí mò ń sọ. Bí Mọ́mì bá fẹ́ pè mí, wọ́n á ní, "Délé, Yẹmí, Tóbi, Bọ́sẹ̀, ìwọ yìí!" Nígbà mìíràn Sàkírà pàápàá á ṣáájú mi, ọmọ Àlájà! Wọn kò ṣe é láti inú ìkà. Obìnrin kan ṣoṣo ni, ó ní kíláàsì tó kún, ó ní ìwé tó fẹ́ máàkì, ó ní omi tó fẹ́ gbé sínú dúrọ́ọ̀mù, ọkọ rẹ̀ wà ní Lafiagi, ìyá ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi tí mo ti di ìyá mọ èyí dáadáa. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà kò mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ Wẹ́sídè kan, tíṣà wa dá ìwé ìdánwò ìṣirò padà fún wa, mo sì gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ìṣirò, iṣẹ́ Mọ́mì gan-an! Mo di bébà náà mú láti ilé-ìwé dé ilé, mo dúró títí wọ́n fi da ìrẹsì sínú ìkòkò tán, mo nà án sí wọn. Wọ́n wò ó, inú wọn dùn, wọ́n ní, "Ó káre! O kú iṣẹ́, Yẹmí." Wọ́n dá bébà náà padà fún mi, wọ́n sì yíjú sí ìkòkò.

Mo lọ jókòó sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi, mo sì dá ẹjọ́ ìyá mi. Mo ní, ó dáa, a ó wò ó bóyá wọ́n mọ̀ mí tàbí kúlà mi ni wọ́n mọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, ṣùgbọ́n ètò mi kò ní àbùkù. Ní ọjọ́ kejì, mo máa gbé kúlà mi sínú búùtù, n kò sì ní wọ ọkọ̀. Bí ìyá mi bá mọ̀ mí, wọ́n á mọ̀ pé n kò sí níbẹ̀.

Ohun kan wà tí mo ní láti ṣètò, ìyẹn ni wàrà. Nírọ̀lẹ́, ìyá Fúlàní kan máa ń ru igbá wàrà gba iwájú ilé wa kọjá, Mọ́mì á rà á, wọ́n á dín in, wọ́n á fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sórí oúnjẹ inú kúlà wa. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé èmi kì í jẹ wàrà mi nílé-ìwé. Mo máa ń fi pamọ́ di ojú ọ̀nà ilé, kí n lè máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójú Tóbi tó ti jẹ tirẹ̀ láti àárọ̀. N kò lè jẹ́ kí wàrà mi bá kúlà lọ. Ní àkókò ìjáde, mo yọ ọ́, mo fi bébà tó wà lọ́wọ́ mi wé e, mo dì í sínú àpò yúnífọ́ọ̀mù mi. Nígbà tí ìjàpá dé, Mọ́mì kò pa ẹ́ńjìnnì torí ta ni yóò tì í? Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ṣí búùtù, wọ́n dojú kọ kúlà. Mo gbé kúlà mi aláwọ̀ ìyeyè síbẹ̀, èyí tí Dádì fi àkísà so ọwọ́ rẹ̀ tó kán. Wọ́n ní, "Ẹ̀rin." Mo yí ẹ̀yìn wọn po bí ẹni tó fẹ́ wọlé, mo sì sáré lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ilé táńkì omi. Wọ́n ka ẹ̀fà, wọ́n pa búùtù dé, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n sì lọ.

Mo rò pé wọ́n á dúró lẹ́nu géètì. Wọn kò dúró. Mo ní bóyá níbi kọ́nà. Ìjàpá yà ní kọ́nà, mo gbọ́ ìró rẹ̀ títí n kò gbọ́ ọ mọ́. Inú mi kọ́kọ́ dùn, bí inú ẹni tó jàre ẹjọ́ ṣe máa ń dùn. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé mo jàre, mo sì dá wà. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi ńkọ́? Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé Yẹmí rò pé mo wà níwájú pẹ̀lú Délé, Délé rò pé mo ń sùn lẹ́yìn. Tóbi nìkan ló mọ̀ pé n kò sí. Ó rí àyè mi lójú fèrèsé tó ṣófo, ó sún síbẹ̀, ó pa ẹnu mọ́.

Bàbá mẹ́gáàdì ilé-ìwé wa ló rí mi. Àgbà Ìlọrin pọ́ńbélé ni, fìlà funfun kì í kúrò lórí wọn, tẹ̀sùbáà kì í sì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìyá ẹ ò tíì dé ni?"

"Wọ́n ti dé, Bàbá. Wọ́n ti lọ."

"Wọ́n lọ láìmú ẹ?"

"Kúlà mi ni wọ́n mú."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ wọn. "Sùbùhánálláhì! Wọ́n mú kúlà, wọ́n fi ọmọ sílẹ̀?" Wọ́n wo ọ̀nà bí ẹni pé ojú ọ̀nà ló máa ṣàlàyé. Wọ́n fà mí lọ sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ní kí n ṣe sùúrù, pé ìyá kì í gbàgbé ọmọ, iṣẹ́ ló pọ̀. Mo yọ wàrà, mo bù fún wọn, wọ́n ní bísímílà, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì ṣàdúrà fún ẹni tó dín in. Àdúrà yẹn ló kọ́kọ́ mú ọkàn mi rọ̀. Oòrùn ń yí. Ọmọ ilé-ìwé tó kẹ́yìn lọ. Bàbá gbé búta, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n tẹ́ ẹní wọn, wọ́n kírun, wọ́n sì padà bá mi. Ìjàpá kò dé. Nígbà náà ni ẹ̀rù wá bà mí ní ti gidi. Kì í ṣe ẹ̀rù pé n kò ní rí ilé. Ẹ̀rù pé wọ́n lè jẹun ọ̀sán, kí wọ́n fọ kúlà, kí wọ́n to kúlà sórí tábìlì, kí ó sì pé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé, Délé ló ròyìn rẹ̀ fún mi, ó sì ròyìn rẹ̀ fún ọdún méjì gbáko. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ìṣe wọn. Wọ́n kí Àkàndé, wọ́n kí Àdùnní, wọ́n ní "Àbẹ̀kẹ́," ẹnikẹ́ni kò kúnlẹ̀. Wọ́n tún un pè. Wọ́n wo Mọ́mì tó ń kó kúlà wọlé.

"Ìyá Délé, Àbẹ̀kẹ́ dà?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá. Kúlà rẹ̀ nìyí."

"Mo ní Àbẹ̀kẹ́ dà, ò ń fi kúlà hàn mí. Ṣé kúlà ni ọmọ mi fẹ́ ọ pé kí o máa bí fún wa?"

Délé ní Mọ́mì wo kúlà aláwọ̀ ìyeyè náà, wọ́n wo ojú àwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kúlà sì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sáré sídìí ọkọ̀, wọ́n ti pa á, kò ṣíná. Màmá ká ìró sókè, wọ́n fọwọ́ ti ìjàpá lẹ́yìn. Àlájà gbọ́ ariwo, wọ́n fò jáde tàwọn ti híjáàbù, wọ́n ní "Láílà!" wọ́n sì bá wọn tì í. Ìyá ìjọ láti Ọ̀mù-Àrán àti Àlájà Ìlọrin ń sáré tẹ̀ lé ìjàpá ní ojú títì Fate, ọ̀kan ń pe Jésù, ọ̀kan ń pe Áńnábì, títí ọkọ̀ fi húkọ́, tó sì ṣíná. Délé ní òun kò rí ohun tó dà bí i rẹ̀ rí, ó sì dùn mí títí dòní pé n kò sí níbẹ̀.

Mo gbọ́ ìró ìjàpá kí n tó rí i. Mọ́mì kò pa ẹ́ńjìnnì, wọn kò tiẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn wọ bàtà iṣẹ́, ẹsẹ̀ òsì wọ sílípáàsì Màmá. Wọ́n sì pariwo, "Ṣadé!" Wọn kò pe Délé. Wọn kò pe Yẹmí. Orúkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ pè, òun nìkan ni wọ́n sì pè, wọ́n ń pè é lọ láìdúró bí ẹni pé kò sí orúkọ mìíràn láyé. Wọ́n gbá mi mọ́ra, ẹfun ìkọ̀wé ara aṣọ wọn kùn mí lójú. Bàbá mẹ́gáàdì ń wí pé, "Alihamudulilahi, Tíṣà, ẹ ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́." Nínú ọkọ̀, mo bi wọ́n ní ohun tó wà lọ́kàn mi.

"Mọ́mì, ta ló mọ̀ pé n kò sí nínú ọkọ̀?"

Wọ́n lè purọ́ fún mi, n kò ní mọ̀. Wọ́n wakọ̀ kọjá Post Office.

"Màmá ni. Èmi kò mọ̀. Mo ka kúlà, ó pé, mo sì wakọ̀ lọ." Wọ́n yíjú wò mí. "Má bínú, Ṣadé."

Ní ayé ìgbà náà, òbí kì í sọ fún ọmọ pé kó má bínú. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ ọ́, ẹran tó tóbi ni wàá rí lórí oúnjẹ rẹ, wàá sì mọ̀ pé ẹjọ́ ti parí. Mo bú sẹ́kún. Ó dùn mí pé wọn kò mọ̀, ojú sì tún ń tì mí, torí mo mọ ohun tí mo ṣe. N kò jẹ́wọ́. Nílé, Màmá ti jókòó sórí àga bí adájọ́, Mọ́mì sì kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mọ́mì ní, "Màmá, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má kà wọ́n." Màmá ní, "Mo ní kí o má kà wọ́n. N kò ní kí o má wò wọ́n. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Pè wọ́n."

Láti ọjọ́ kejì ni Mọ́mì ti gbé réjísítà wọ inú ọkọ̀, réjísítà kíláàsì gidi pẹ̀lú ìlà pupa. Wọ́n á yíjú sẹ́yìn, wọ́n á pè wá ní orúkọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wò wá lójú, a ó dáhùn pé "Présẹ́ǹtì, Mà," wọ́n á fi báírò sàmì. Tóbi dáhùn fún mi lọ́jọ́ kan láti fi ṣeré, ó jẹ ìgbátí. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè tí a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá jókòó níwájú, wọ́n retí títí, wọ́n bínú pé wọn kò gbọ́ orúkọ tiwọn. Mọ́mì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, wọ́n pè é, Màmá na ọwọ́ sókè, wọ́n kígbe "Présẹ́ǹtì!" tó bẹ́ẹ̀ tí Bọ́sẹ̀ fi jí lójú oorun. Ohun mìíràn tún yí padà. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bí mo bá ṣí kúlà mi, wàrà méjì ni mo máa ń bá níbẹ̀. Ẹyọ kan ni tàwọn tó kù. Mo gbà pé ẹ̀bẹ̀ ni, mo sì jẹ ẹ̀bẹ̀ náà títí mo fi jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rí ọkàn ń gún mi díẹ̀, wàrà sì ń dùn.

Ní Sátidé tó kọjá, lẹ́yìn tí ọmọ mi bi mí bóyá mo mọ òun, mo lọ kí Mọ́mì ní Fate. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Wọ́n rí mi, wọ́n ní, "Yẹmí, Bọ́sẹ̀, ìwọ yìí, fa àga, jókòó." Mo jókòó, mo bá wọn ṣa ẹ̀wà díẹ̀, mo sì jẹ́wọ́. Mo ní, "Mọ́mì, ọjọ́ tí ẹ fi mí sílẹ̀ nílé-ìwé, ẹ kò gbàgbé mi o. Èmi ni mo fara pamọ́." Wọn kò gbójú sókè.

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kí ni?"

"Sátidé yẹn náà ni mo fọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ. Mo bá bébà nínú àpò, òróró wàrà ti gbà á. Ẹni tí wọ́n gbàgbé kì í di wàrà sápò." Wọ́n ṣa òkúta kan, wọ́n jù ú nù. "Mo tú bébà náà. Ìdánwò ìṣirò ni, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, orúkọ rẹ ló wà lórí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé Yẹmí ni mo pè ọ́ lójọ́sí."

Mo bi wọ́n ìdí tí wọn kò fi nà mí.

"Kí n nà ọ́ tìtorí kí ni? Ìwọ lo fara pamọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni n kò wẹ̀yìn."

"Wàrà méjì yẹn ńkọ́? Mo rò pé ẹ fi ń bẹ̀ mí ni."

"Ẹ̀bẹ̀ kẹ̀? Mo ti bẹ̀ ọ́ nínú ọkọ̀." Wọ́n gbọn àtẹ, wọ́n fẹ́ èèpo inú rẹ̀ dànù. "Ọ̀kan fún kúlà, ọ̀kan fún àpò. Mo ní bí o bá tún fẹ́ fara pamọ́, kí ebi má pa ọ́ kí n tó dé."